Aago Ilé ní Krofrom

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí gbogbo rẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sọ fún yín ní Kumasi pé bí mo ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ló rí, ẹ bi í pé níbo ló wà lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gun òrùlé ilé ìpàdé lọ gbé díìṣì síbẹ̀, èmi ni mo fa wáyà, èmi ni mo kọ àṣẹ sínú ẹ̀rọ, èmi náà ni mo sì ṣí ohun tí ẹ̀rọ náà ká sílẹ̀. Inú tó bí mi nígbà tí mo ṣí i, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹnì kan má baà rò pé ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń ṣàròyé. Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ n'Ògbómọ̀ṣọ́. Bóyá ìwé ni kò gbà mí, bóyá èmi ni n kò gba ìwé, èyí tó wù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n láti Santasi títí dé Krofrom nínú Kumasi yìí, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ díìṣì bí èmi. Àwọn tó kàwé á gbé ẹ̀rọ kékeré kan dání tí yóò máa ké pí-pí-pí kí wọ́n tó rí sátẹ́láìtì. Èmi, màá wo oòrùn, màá wo òjìji òpó, màá yí àwo náà díẹ̀ báyìí, àwòrán ti dé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kumasi, kì í ṣe ebi ló bá mi jà, orúkọ ni. Nílé, n kò lè rìn dé ìta kí ẹnì kan má ki bàbá mi mọ́ mi lára. Níbí, Alata ni mí. Alata ni àwọn Àṣáǹtì ń pe gbogbo Yorùbá, ìlú tó wù kí o ti wá, kò kàn wọ́n. "Alata, gbé irin yẹn wá." "Alata, oúnjẹ ti délẹ̀." Oúnjẹ ọ̀hún wá ni fùfú tí wọ́n rì sínú ọbẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ. Mo jókòó tì í, mo ń retí kí wọ́n gbé ọbẹ̀ tèmi wá lọ́tọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Suame Magazine nìyẹn, níbi tí mo ti ń jó irin pọ̀. Ọkọ̀ tó ti kú ló kún gbogbo ibẹ̀, òòlù lọ́tùn-ún, òòlù lósì, epo ló rin ilẹ̀ gbingbin. N kò ní jígí ojú. Iná wẹ́dà á jó mi lójú ní ọ̀sán, màá sùn bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ló sì burú jù. Ọjọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ á gbé ọ. Ọjọ́ Àìkú, wàá gbọ́ tí àwọn aráalé rẹ ń fi Twi, èdè wọn, rẹ́rìn-ín lójúde, o kò ní mọ̀ bóyá ìwọ ni wọ́n ń rín. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe ìyá mi.

"Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, Màámi."

"Kí lo jẹ?"

"Fùfú."

"Ṣé wọ́n ṣì ń rì í sínú ọbẹ̀?"

Mi ò sọ ìyẹn fún un rí. "Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ti gbé ibẹ̀ rí kí n tó bí ẹ," ló wí, ló bá béèrè bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí mo mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún: pé òun àti bàbá mi wà lára àwọn tí ìjọba Gánà lé jáde láyé ọjọ́sí, pé wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Tí mo bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ní fóònù ń jẹ mí lówó.

Irin òpó díìṣì tí wọ́n ń gbé wá kí n jó ló sọ mí di oníṣẹ́ díìṣì. Àwọn tó ni ín kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dúró, èmi ni mo ń tẹ̀ lé wọn lọ. Díìṣì ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Kwabena, Àṣáǹtì kan tó ń ta àlòkù kọ̀ǹpútà. Òun ló fún mi ní kọ̀ǹpútà kan tó ti gbó débi pé tí o bá ṣí àwọn nǹkan aláwòrán mèremère lórí rẹ̀, yóò dákú. Ó ki káàdì kan bọ inú rẹ̀ tí ń gba tẹlifíṣọ̀n láti ara díìṣì. Kò sí màósì, kò sí àwòrán tí èèyàn ń tẹ̀. Ojú dúdú ni, lẹ́tà funfun, àṣẹ ni wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ.

"Alata, o ò kàwé," Kwabena wí. "Báwo lo ṣe fẹ́ máa kọ ọ́?"

"Ṣé o mọ̀ mí ni? Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n wò ó."

Ó kọ ọ́. Mo wò ó. Ó tán. Orúkọ iṣẹ́ ló ń ṣáájú, orúkọ ìkànnì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iye ìṣẹ́jú tí yóò fi ká a, níkẹyìn orúkọ tí màá fi pè é jáde nígbà tí mo bá fẹ́ wò ó. Àyè kan láàrin wọn, bí ẹni ń gbin ẹ̀bù iṣu. Tí àyè kan bá sọnù, ẹ̀rọ á kọ̀. Kò ní bú ọ, kò sì ní bẹ̀ ọ́. Àṣẹ mìíràn tún wà tí mo fi ń sọ fún un pé aago báyìí ni kó bẹ̀rẹ̀, tí màá sì bá tèmi lọ. Nígbà dumsor, tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń ṣẹ́jú, mo so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn. Kwabena fúnra rẹ̀ kò ronú kan ìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà. Láti ìgbà tí mo ti dé Kumasi, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo pàṣẹ fún tó gbọ́.

Mo gbé e lọ sí ilé ìpàdé àwa Yorùbá ní Krofrom, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ní òrùlé tó lè gba díìṣì ńlá. Nígbà ààwẹ̀, àwọn ará Ìlọrin á ní kí n bá wọn ká wáàsí tí wọ́n ń ṣe nílé. Lọ́jọ́ Àjíǹde, àwọn ìyá ìjọ á dé. Wọn á tò sórí bẹ́ǹṣì, wọn á máa wo ojú pópó ìlú wọn, ẹnì kan á ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti wó ilé Baba Àgbà!" ẹnì kejì á ní irọ́ ni, ilé yẹn kọ́. Wọ́n ń pè mí ní Màláàmù Tẹlifíṣọ̀n. Èmi tí mi ò ka ju ìwé kẹrin. Ẹ jẹ́ kí n yangàn o, ó tọ́ sí mi.

Ẹ gbọ́ ti aago nísinsìnyí, nítorí aago ló bà á jẹ́.

Aago kan wà lára ògiri ilé ìpàdé wa tó fi wákàtí kan ṣáájú gbogbo Kumasi. Aago ilé là ń pè é. Àwọn àgbà tó kọ́ ilé náà ló fi í síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà yìí ti dé ilé, aago ilé ni kó fi ṣe ohun gbogbo. Ìpàdé aago márùn-ún, aago mẹ́rin Kumasi ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ á bá wa níbi tí a ti ń tú ká. Àwa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n aago Kumasi ni mo fi sínú ẹ̀rọ mi, torí òun ló wà lọ́rùn ọwọ́ mi, òun ló wà lórí fóònù mi. Tí wọ́n bá ti sọ àkókò ètò kan fún mi láti ilé, màá yọ wákàtí kan kúrò, màá kọ ọ́. N kò ṣì í rí. Mo tún un sọ: n kò ṣì í rí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ló pè mí. Kì í pe èèyàn.

"Àwọn tẹlifíṣọ̀n kan wá bá mi láti Ìbàdàn," ó wí. "Wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà. Wọ́n ní kí n wá sọ tèmi."

"Ẹ lọ, Màámi! Kí gbogbo ayé rí yín!"

"Dákẹ́, gbọ́ mi. Ọmọ kan wà tí mo bí sí Kumasi."

Orí àkàbà ni mo wà. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní ọkùnrin ni. Ó ní èèyi mú un nígbà tí àṣẹ dé pé kí gbogbo àlejò jáde. Lọ́rì kún, awakọ̀ sì kọ̀, ó ní òun kò ní kó ọmọ eléèyi mọ́ àwọn ọmọ yòókù. Obìnrin Àṣáǹtì kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé ní kí wọ́n gbé e fún òun. Tí ara rẹ̀ bá yá, kí wọ́n wá mú un. Ọ̀nà padà kò sí mọ́. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ náà nínú ilé títí ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ.

"Orúkọ obìnrin náà ńkọ́, Màámi? Ilé wo?"

"Màá sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó lè dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ. Ẹnu mi ò lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Kí o sì má wò ó nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Àǹtí rẹ tó máa mú mi lọ, ìta ló máa jókòó. Tí mo bá mọ̀ pé ojú ọmọ mi kan ń wò mí lásìkò yẹn, ẹnu mi ò ní ṣí. Ẹ̀rọ rẹ yẹn, ó lè bá mi fi pamọ́, àbí?"

"Títí ayé, Màámi."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí o wá gbọ́."

Kí ni kí n ṣe? Kí n bá a jà? Mo wá ń rìn ní Suame, mò ń wo iwájú orí àwọn ọkùnrin tó jù mí lọ díẹ̀. Bàbá kan wà tó ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù, etí rẹ̀ ṣe bẹẹrẹ bíi ti bàbá mi. Ó ní, "Alata, kí lò ń wò?" Mo ní kò sí nǹkan. Ìlú tí mò ń bú lójoojúmọ́, tí mò ń sọ pé n ò ní ẹnì kan níbẹ̀, àṣé ẹ̀jẹ̀ mi lè máa jókòó tì mí nínú ọkọ̀ trotro, kó máa sọ fún mi pé kí n sún díẹ̀.

Ètò náà, ọjọ́ Àìkú ni, wákàtí kan gbáko, ní ojú ẹsẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ ni yóò máa lọ sáfẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ kọ àṣẹ sílẹ̀. Mo yọ wákàtí ilé kúrò bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé e níwájú, márùn-ún lé e lẹ́yìn, nítorí àwọn tẹlifíṣọ̀n kì í pa àkókò mọ́. Mo wo àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní kọ́kọ́rọ́: akọ̀wé ìpàdé wa. Kumasi ni wọ́n bí i sí, Kumasi ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ó kàwé dé yunifásítì. Yorùbá rẹ̀, Twi ló ń tì í lẹ́yìn kó tó lè rìn. Ṣùgbọ́n ní ti àṣà, kò sí ẹni tó lè bá a du ú. Òun ló máa ń pariwo pé ká má gbàgbé ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo pa fóònù, mo lọ sí Santasi lọ tún díìṣì oníbàárà kan ṣe. Mo pa òfin ìyá mi mọ́. Nígbà tí mo padà, oòrùn ń lọ sílẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó, mo kọ àṣẹ tí ń ṣí i.

Obìnrin kan ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo ní bóyá wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo sáré sí i síwájú: ìpolówó ọṣẹ. Mo sáré sí i: àwọn akọrin. Nígbà tó kù díẹ̀ kó tán, orin ètò náà dún, ọkùnrin kan jáde ó kí aráyé, ìyá mi sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí mo rà ránṣẹ́ láti Kumasi ló wọ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Àdúgbò wo lẹ gbé ní Kumasi?"

"Krofrom." Bí àwọn Àṣáǹtì ṣe ń pè é gan-an ló pè é. Krofrom tí mo jókòó sí yìí.

"Ta lẹ bá gbé níbẹ̀?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Obìnrin kan wà..."

Ó tán. Ojú dúdú padà dé, lẹ́tà funfun kan ń ṣẹ́jú, ó ń dúró de àṣẹ mìíràn.

Mo kọ àṣẹ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Obìnrin kan wà." Mo tún kọ ọ́. Ìgbà tí mo gbójú wo aago inú ẹ̀rọ, ó bá aago ara ògiri mu rẹ́gí. Akọ̀wé sì ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ó dùn?"

"Ta ló fọwọ́ kan aago ẹ̀rọ mi?"

"Áà, ìyẹn? Èmi ni, lánàá. Masiesie, mo ti bá yín tún un ṣe. Ó ti fi wákàtí kan lọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Aago ilé kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù mi."

"O ò sì sọ fún mi."

"Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni."

Ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan kí àkókò tó tó, ó sì ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Mo sọ ọ́ fún un.

"Kosɛ, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. A lè ní kí wọ́n tún un gbé sáfẹ́fẹ́..."

"Ìwọ! O ti sùn nílé rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ ò tó ìyẹn."

"Mo bi ọ́ léèrè! Ilé tí ò ń gbé aago rẹ̀ kiri yìí, ọjọ́ mélòó lo sùn níbẹ̀?"

"Nígbà òkú bàbá àgbà. Ọjọ́ méjì."

Mo yọ aago ilé kúrò lára ògiri, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀, kó máa fi wá ilé. Wọ́n ní mo tàbùkù sí àwọn àgbà tó fi í síbẹ̀, wọ́n ní kí n má wá ìpàdé mọ́ títí n ó fi tọrọ àforíjì. Èmi! Kí n tọrọ àforíjì! Wọn á dúró pẹ́.

Mo pe àǹtí mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní Màámi ti sùn, ó ní ó jẹun yó, ó ń kọrin nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. N kò lè sọ ọ́. Mo ní n ó pè láàárọ̀. Láàárọ̀, kí n tó pè, òun ló pè: àrùn ti kọlu ìyá wa lójú oorun, apá òsì kò ṣiṣẹ́, ohùn ti lọ.

"Ó ń wò mí ṣáá," àǹtí mi wí. "Àbúrò, kí ni Màámi sọ? Ìta ni mo jókòó, wọ́n gba fóònù mi lẹ́nu géètì. Gbogbo àdúgbò wa ò ní iná lánàá. Ìwọ nìkan lo ní in. Kí ló sọ?"

Àǹtí mi tí a ń pè ní àkọ́bí láti kékeré, tí kò mọ̀ pé òun kọ́.

Ìyá mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tó fi kú.

Mo wá ẹni tó darí ètò náà kàn lórí fóònù. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn. "Ẹ má bínú, sà. Ètò ojú ẹsẹ̀ ni, a kì í tọ́jú rẹ̀. Wọ́n dárúkọ obìnrin kan. Akosua ni... bóyá Akosua kan báyìí. Mo rántí pé omi bọ́ lójú mi."

Omi bọ́ lójú rẹ̀! Ṣé omi ojú rẹ̀ ni mo béèrè?

Kwabena bá mi lọ káàkiri Krofrom. Àwọn bàbá kan ń ta dráfù lábẹ́ igi, mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé mò ń wá ilé Akosua.

"Akosua bɛn?" ọ̀kan wí. Akosua wo? "Akosua oníkẹ́ńkẹ́? Akosua aránṣọ? Akosua tó sá fún ọkọ? Alata, gbogbo obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àìkú ni ò ń wá yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń húkọ́.

Kwabena fi Twi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín dá. Bàbá tó ṣe yẹ̀yẹ́ mi bọ́ sálúbàtà rẹ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, ó dìde, ó di ọwọ́ mi mú. "Due," ó wí, ẹ pẹ̀lẹ́ nìyẹn lédè wọn. "Due." Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa wọ ilé kan dé ìkejì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ ni wọ́n ti wó. Àwọn tó ń gbé inú èyí tó kù, ọmọ ọmọ ni wọ́n, wọn kò mọ ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ Alata kankan.

Mo ti ro ó títí. Àwọn tó ń pè mí ní Alata ló bá mi wá ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó ń pè mí ní ará ilé ló gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ní ìfẹ́ ilé ni. Kí ẹnikẹ́ni má tún bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ilé mọ́.

Ohun tó sọnù nìyí. Orúkọ obìnrin Àṣáǹtì kan, gbogbo rẹ̀. Ilé kan ní Krofrom. Orúkọ tí bàbá mi sọ ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí tó bá wà láàyè. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi. Ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan.